Sàlẹ́ńsà Hilux: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nínú Ọgbà Ilé Láìtan Iná

Láti Òṣogbo dé Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Lọ́jọ́ tí sàlẹ́ńsà Hilux mi lu lójú ọ̀nà yẹn, kò sí òkè kan níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ lára, nítorí pé ìgbàkígbà tí mo bá tẹná láti gùn ún, ariwo á gba inú ọkọ̀ kan, àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì á sì yíjú wò mí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ tó fi jáde síta. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gé ibi tó lu yìí, ká jó páìpù mìíràn sí i. Kátálíìsì tó wà níwájú rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ó ń fún ọkọ̀ yín lọ́rùn ni." Mo gbà fún un. Owó tí mo san kò pọ̀, ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbé ọkọ̀ mi lọ.

Kò tó oṣù kan tí iná check engine fi tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn bẹ̀rẹ̀, pàápàá tí a bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Orítà Ọláìyá, Òṣogbo, tí wíńdò wà ní ṣíṣí. Àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ yẹn ló lé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Mo kà nípa rẹ̀, mo bi àwọn àgbà iṣẹ́ léèrè, nígbà tó yá mo tú gbogbo ohun tí wọ́n jó síbẹ̀, mo sì fi òmíràn tó ní bóòtì rọ́pò rẹ̀ fúnra mi, nínú ọgbà ilé. Owó tí mo fi ra kátálíìsì, agolo tó ń fọ èéfín, padà ju owó gbogbo ìyókù lọ. Nítorí náà, kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà: ohun tó wà lẹ́yìn kátálíìsì ni iṣẹ́ tí a lè ṣe nílé. Kátálíìsì fúnra rẹ̀, tí kò bá bàjẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Sàlẹ́ńsà la máa ń pe gbogbo rẹ̀, láti ìdí ẹ́ńjìnnì títí dé ẹnu páìpù tó yọ síta lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọkọ̀ onípẹtiróò ni mò ń sọ o; ti dísù ní àwọn nǹkan mìíràn lára. Mánífóòdù ló kọ́kọ́ gba èéfín bó ṣe ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ó kó o jọ sínú páìpù kan, páìpù yẹn sì gbé e wọ inú kátálíìsì. Sẹ́ńsọ̀ kan wà níwájú kátálíìsì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ìwọ̀n ọ́síjìn tó kù nínú èéfín, wọ́n sì ń ròyìn fún bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn èyí ni agolo ńlá tó ń pa ariwo, èyí tí orúkọ sàlẹ́ńsà tọ́ sí gan-an. Páìpù ìrù ló kẹ́yìn. Òun ló ń da èéfín síta níbi tí kò ti ní padà wọlé bá wa.

Ariwo náà, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Hilux 2.7 tí ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, epo á bú gbàmù lẹ́ẹ̀méjì nínú rẹ̀. Tí ọwọ́ bá wà ní 2,000 lójú agogo, ìbúgbàmù 4,000 ni ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ju 60 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìró ìbọn tó tẹ̀ léra wọn láìsinmi ni. Inú agolo sàlẹ́ńsà ni wọ́n ti ń rọ̀ ọ́ lójú. Oríṣi kan wà tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, tí ìró á máa kọlu ògiri, tí yóò padà wá pàdé ìró mìíràn lọ́nà, tí àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn. Oríṣi kejì jẹ́ páìpù kan tó là á já gbọrọgbọrọ, tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára bí asẹ́, tí wọ́n wá fi òwú dígí yí i ká. Ìró á gba inú ihò náà wọ inú òwú, á sì kú síbẹ̀. Èyí tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti oníyàrá, ohùn rẹ̀ tutù. Àwọn tí wọ́n ń ṣe lọ́tọ̀ fún títà, bíi ti MagnaFlow àti Borla, òwú ló pọ̀ nínú wọn; Flowmaster ló gbajúmọ̀ fún oníyàrá. Nínú ti olówùú, èéfín á tètè jáde, ohùn á sì ki.

Ṣé yóò mú kí ọkọ̀ sáré sí i? Díẹ̀ ni, tí ó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé agbára ọkọ̀ yín á di ìlọ́po, ó fẹ́ ta ọjà ni. Ìdí tó bọ́gbọ́n mu láti pààrọ̀ rẹ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ ti jẹrà, tàbí pé ẹ fẹ́ irin tí yóò pẹ́ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, tàbí pé ẹ fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Ìfẹ́ ohùn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tí kò bá ti ní jí aládùúgbò lóru.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí kátálíìsì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣòfò. Tí ẹ bá la agolo rẹ̀, ẹ óò rí nǹkan kan bí amọ̀ tí wọ́n sun, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Wọ́n fi plátínọ́ọ̀mù, palladium àti rhodium díẹ̀ pa ara ihò wọ̀nyẹn. Nígbà tí ó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 250 sí 300 lórí ìwọ̀n Celsius, èéfín tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á yí padà: carbon monoxide tó ń pa èèyàn á di carbon dioxide, epo tí kò jó tán á jó tán níbẹ̀, èéfín náítírójìn tó ń ta ní ọ̀fun á sì padà di náítírójìn lásán tó kún inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Eugene Houdry, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1956, àmọ́ ọkọ̀ ọdún 1975 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ epo ni kò jẹ́ kó tètè tàn ká, nítorí òjé máa ń bo ojú kátálíìsì ni, á sì sọ ọ́ di òkú. Ní ìpàdé Dakar ní 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà ti fohùn ṣọ̀kan láti yọ òjé kúrò nínú epo, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ó ti tán ní gbogbo ìhà gúúsù Sàhárà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n máa ń tò ní Kàdúná nígbà kan, tó ń kó kòkó àti obì jáde láti oko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ óò rántí pé kò sí kátálíìsì lára rẹ̀. Páìpù àti agolo ni. Bí ó bá lu, wẹ́dà á gé e, á jó o, ó parí. Ọwọ́ iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì gbé bọ́ sórí ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní. Nítorí náà, mi ò lè pe gbogbo wọn ní olè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, áùnsì rhodium kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 dọ́là. Àwọn tó ń ra kátálíìsì àlòkù ń yí ká gáréèjì kiri nítorí rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun á bá yín yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bi í ibi tó fẹ́ gbé e lọ.

Wọ́n á ní ó ti dí. Òótọ́ ni pé ó lè dí. Mi ò jiyàn. Àmọ́ kì í ṣàdédé dí. Púlọ́ọ̀gì tí kò tan iná dáadáa máa ń jẹ́ kí epo tútù dà wọ inú rẹ̀, epo yẹn á jó níbẹ̀, afárá náà á sì yọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì á fi eérú dí i. Tí ẹ bá yọ kátálíìsì sọnù láìtún púlọ́ọ̀gì ṣe, àìsàn náà ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ kàn lé atọ́ka rẹ̀ lọ ni. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn á sì máa ké sí bíréènì bọ́ọ̀sì pé kò sí ẹni tó ń fọ èéfín mọ́, ìdí nìyẹn tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù mi fi tàn.

Carbon monoxide yìí, a mọ̀ ọ́n. Òun ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa ìdílé mọ́ inú yàrá káàkiri ilẹ̀ yìí. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń di ẹ̀jẹ̀ mú ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì í mú, kí èèyàn tó mọ̀, oorun ti ń kùn ún. Òórùn tí èmi ń gbọ́ nínú ọkọ̀, epo tí kò jó tán ni; ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí imú kì í gbọ́ ló ń fọ́ àwọn ọmọ mi lórí. Sàlẹ́ńsà tó lu lábẹ́ ibi tí èèyàn jókòó, tàbí páìpù ìrù tó kúrú tí kò yọ kọjá abẹ́ ọkọ̀, ibi tó gba wọlé nìyẹn. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi kánópì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí èèyàn sì jókòó síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra rẹ̀ gidi.

Kí ló wá ń jẹ sàlẹ́ńsà lára tó fi ń lu? A máa ń rò pé ẹrẹ̀ àti òjò ni. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ni ó ti ń jẹrà jù. Lítà epo pẹtiróò kan, tí ó bá jó tán, á mú omi tó tó nǹkan bíi lítà kan jáde pẹ̀lú èéfín. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń kán láti ẹnu páìpù láàárọ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Tí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, ooru á lé omi náà jáde. Tí ó bá jẹ́ láti Òkè-Fìà sí Ọláìyá nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, agolo kò ní gbóná tó, omi á jókòó sínú rẹ̀, á bá imí ọjọ́ tó wà nínú epo lò pọ̀, á di áàsìdì. Ọkọ̀ tó ń ná Òṣogbo sí Iléṣà lójoojúmọ́ lè lo sàlẹ́ńsà rẹ̀ pẹ́ ju èyí tí kì í jáde nígboro lọ.

Nítorí náà, ẹ wo irin kí ẹ tó wo ẹwà. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Irin tí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù bò ló rọjú jù. Irin aláìdípatà tí wọ́n ń pè ní 409 ní kúrómíọ́ọ̀mù tó bí ìpín 11 nínú ọgọ́rùn-ún, ó le jù ú lọ, àmọ́ yóò pọ́n lójú díẹ̀. Èyí tó ga jù ni 304, kúrómíọ́ọ̀mù 18 àti níkẹ́ẹ̀lì 8. Ìyẹn ló lè bá yín kalẹ́. Ẹ mú máàgínẹ́ẹ̀tì tí ẹ yọ lára sípíkà àlòkù lọ́wọ́ tí ẹ bá ń lọ ọjà Ládìípọ̀ l'Ékòó tàbí Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn. Tí ẹni tó ń tà á bá ní 304 ni, tí máàgínẹ́ẹ̀tì wá gbá a mú típẹ́típẹ́, kì í ṣe 304. Ìwọ̀n páìpù náà ṣe kókó: fún onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ínṣì 2¼ sí 2½ tó. Ẹni tó bá ki 3 ínṣì sí i, èéfín á máa rìn bí ẹni ń rìn gbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á sì rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bá ń gun òkè. Ó máa ń dùn mí pé ilé iṣẹ́ Machine Tools, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1980, wà lójú ọ̀nà Ìkìrun ní Òṣogbo níbí, tí a sì ń lọ ra páìpù títẹ̀ láti òkè òkun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù omi ṣe é. Ṣíǹkì tó wà lára páìpù omi, tí iná bá kàn án, èéfín funfun tó ń jáde níbẹ̀ máa ń dá ibà sí wẹ́dà lára.

Ó ku iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi WD-40 tàbí ọ́ìlì bíréèkì rin gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ tú, kí ẹ tún un ṣe láàárọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà, ẹ má jẹ́ kó kán sára ọkọ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Èmi kì í fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà tí kò tíì sinmi fún wákàtí mẹ́ta. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Hilux ga, ẹni tí kò sanra lè wọ abẹ́ rẹ̀ láìgbé e sókè rárá, mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ jù. Tí ẹ bá gbé e sókè, kò gbọdọ̀ jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tì í lábẹ́ ṣásí. Búlọ́ọ̀kù ilé máa ń fọ́ láìkìlọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ wọ awò ojú, nítorí ìpatà á máa já bọ́ sí ojú yín ní tààrà.

Ẹ sọ sípíà táyà kalẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀yìn ná, á fún yín láyè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ojú ìpàdé tó wà lẹ́yìn kátálíìsì, níbi tí bóòtì méjì ti di páìpù méjì mọ́ra. Ẹ wo wáyà sẹ́ńsọ̀ tó wà nítòsí kí ẹ má baà fà á já. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tú nọ́ọ̀tì, torí onígun méjìlá máa ń bó orí nọ́ọ̀tì tó bá ti dípatà. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ayùn irin gé e. Bóòtì tuntun kò wọ́n. Rọ́bà tó so sàlẹ́ńsà rọ̀ ló máa ń lágídí jù. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á, ẹ fi ìrin gígùn tì í jáde. Ẹ má fi gírísì pa á, á mú rọ́bà wú. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bá fẹ́ bọ́, kí ẹnì kan bá yín gbé e lọ́wọ́, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ti Hilux máa ń gba orí ásù ẹ̀yìn kọjá, kò sì ní fẹ́ jáde lódindi; tí ti àtijọ́ bá ti jẹrà, ẹ gé e sí méjì.

Tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ojú ìpàdé, ẹ má lo ti àtijọ́. Ẹ fi ọwọ́ nìkan dá nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, ẹ má tíì fi sípánà fún un. Ẹ fi páìpù kejì bọ inú èkíní, ẹ gbé e kọ́ rọ́bà, bẹ́ẹ̀ títí dé ìrù, kí gbogbo rẹ̀ ṣì lè mì. Ìgbà yìí ni kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó dáadáa. Fífẹ̀ ìka méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà láàárín páìpù àti ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀: táǹkì epo, páìpù bíréèkì, pùròpélà, sípíà táyà. Ti ásù ẹ̀yìn yàtọ̀. Ẹ ní kí àgbàlagbà bíi márùn-ún jókòó sẹ́yìn, kí ẹ wo bí ásù ṣe sún mọ́ páìpù tó, nítorí ọkọ̀ tó ṣófo nínú ọgbà kọ́ ni yóò kó àpò kòkó gba inú kòtò kọjá. Nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún nọ́ọ̀tì láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn. Ẹnu páìpù ìrù gbọ́dọ̀ yọ síta kọjá ara ọkọ̀.

Bí ojú ìpàdé àtijọ́ bá ti jẹrà tán, wẹ́dà lè jó ojú tuntun sí i. Ẹ tú bátìrì kí iná tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná wẹ́dà lè ba bíréènì bọ́ọ̀sì jẹ́, ẹ sì rí i pé kò jó o nítòsí táǹkì.

Kí a tó dán an wò, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba òfin: ìlànà ìrìnnà ojú pópó orílẹ̀-èdè yìí kò gba kí ọkọ̀ rìn láìní sàlẹ́ńsà tó ń ṣiṣẹ́, NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, sì ní òfin lórí èéfín ọkọ̀ láti 2011.

Láti mọ̀ bóyá sàlẹ́ńsà tuntun ń yọ èéfín níbì kan, ẹ gbé ọkọ̀ síta gbangba, ẹ tan ọkọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹnì kan fi àkísà tútù dí ẹnu páìpù ìrù fún ìgbà díẹ̀. Ibi tó bá ń yọ á máa dún ṣìì. Ẹ ta omi ọṣẹ sí ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan kó tó gbóná; ibi tó bá ń hó, ẹ fún un sí i. Ọjọ́ kejì, mo wa tèmi lọ Iléṣà, mo sì padà. Páìpù tuntun rú èéfín díẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á nílé iṣẹ́ ló ń jó. Kò ju ìṣẹ́jú ogún lọ tó fi dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọkọ̀ tutù lálẹ́, mo tún wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Nọ́ọ̀tì méjì ló gbà sí i, ìdá mẹ́rin yíyí kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé sípíà táyà padà sípò, mo sì ní kí àwọn ọmọ wá jókòó sẹ́yìn.